Òfin Tí Onílé Kò Mọ̀ Pé Òfin Ni: Ìgbé Ayé Ará Amẹ́ríkà Kan ní Ilẹ̀ Jámánì

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìlú Stuttgart)

Alága àpéjọ wa, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ibi iṣẹ́ wá láì dúró jẹun, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí ìlú yìí, tí a ń bá yín sọ Yorùbá tí ẹ sì ń fi èdè Jámánì dá wa lóhùn, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú àfaradà. Bí a ṣe pé jọ yìí, ibi kò ní pè wá.

Àwọn tí ó gbé ètò yìí kalẹ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbé ayé àlejò ní ilẹ̀ àjèjì. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí mo bá ní ti àwa ọmọ Yorùbá ni mo fẹ́ sọ, ta ni nínú yín tí kò ní lè gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi kí ó sì sọ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Nítorí náà, àlejò mìíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, àlejò tí a kì í sáábà pè ní àlejò. Ará Amẹ́ríkà ni. Ìpínlẹ̀ Ohio ni ó ti wá, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe, ilé kan náà ni a sì jọ ń gbé, òun ní àjà kẹta, àwa ní àjà kẹrin. Ó ti fún mi láyè láti sọ gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ, àfi orúkọ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ní kí n má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ tòlótòló. A ó dé ibẹ̀.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìdí tí ará Amẹ́ríkà fi pọ̀ ní agbègbè wa. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní ọdún 1945, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ó pín Jámánì láàárín ara wọn, apá tiwa níhìn-ín, pẹ̀lú Bavaria àti Hesse, sì bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ogun parí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò lọ tán. Elvis Presley, gbajúmọ̀ olórin nnì, ṣe iṣẹ́ ológun ní Friedberg láti ọdún 1958 sí 1960, Bad Nauheim ni ó sì ń gbé. Ní Stuttgart wa yìí, láti ọdún 1967 ni olú ibùdó àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ Yúróòpù ti wà ní Vaihingen, èyí tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì wà ní Möhringen. Ṣùgbọ́n ológun ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nínú ọgbà, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, dọ́là ni ó sì ń ná níbẹ̀. Ó lè gbé Jámánì títí kí ó tó padà sílé, kí ó má bá ará Jámánì kankan sọ̀rọ̀ lórí ibi tí a ń da pàǹtí sí rí. Kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń wí. Ẹni tí mò ń wí ni èyí tí ó gba ilé láàárín ìlú, tí ó ń gun àtẹ̀gùn kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì rí nǹkan.

Kí ni ojú rẹ̀ rí? Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo ti gbé ilẹ̀ yìí pẹ́ tó láti fi díẹ̀ kún un. Òfin tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe ìṣòro àlejò, nítorí a lè kà á, bí a kò bá sì lè kà á, a lè rí ẹni bá wa kà á. Òfin tí ń gbé àlejò ṣubú ni èyí tí onílé ti gbà láti kékeré, tí ó fi di pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ mọ́ pé òfin ni. Ta ni yóò ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀ pé ó yẹ ní ṣíṣàlàyé? Irú òfin yìí ni ó ń mú ẹ̀rín wá, òun náà ni ó sì ń mú ẹkún wá.

Èé ṣe tí mo fi yan ará Amẹ́ríkà? Ẹ wò ó. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé Amẹ́ríkà, fíìmù ti fi inú ilé wọn hàn wá, a ti mọ bí ọlọ́pàá wọn ṣe ń sọ̀rọ̀, a ti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Gbogbo ayé ni ó ń kọ́ ìwà ará Amẹ́ríkà, nítorí náà kì í sáábà sí ohun tí yóò mú òun kọ́ ti ẹlòmíràn. Ní ti àwa, láti ilé ni a ti ń kọ́ ìwà ẹ̀yà mìíràn pọ̀ mọ́ tiwa. Ọ̀rẹ́ mi yìí ti dàgbà tán, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, kí ó tó di ọmọ iléèwé ìwà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo wà níbẹ̀, mo sì rí i.

Ilé tí kò ní ilé ìdáná

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó kó wọlé. Onílé fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì sọ fún un pé àjà kẹta ni. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá kì í ṣìnà níbí, nítorí bí ará Jámánì ṣe ń ka àjà ilé náà ni a ṣe ń kà á nílé: ilẹ̀ kò sí nínú iye, àjà tí ó tẹ̀lé ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ilẹ̀ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ka ẹyọ kan, ó ka èjì, ó ka ẹ̀ta, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá inú ihò ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá àgbà kan, opó, ni ó ń gbé ibẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo ọkùnrin gíga náà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kò pariwo, kò sá. Ó nàka sókè, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bí òun àti ìyá àgbà àjà kejì ṣe kọ́kọ́ pàdé nìyẹn, ẹ ó sì tún gbọ́ nípa ìyá náà.

Nígbà tí ó wá ríbi wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ilé ìdáná. Yàrá rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ààrò, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ibi tí a ti ń fọ abọ́, páìpù omi nìkan ni ó yọrí jáde lára ògiri. Ó gbójú sókè, kò sí gílóòbù kan ṣoṣo, wáyà ni ó ń fì dirodiro ní àárín àjà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Ó fi fóònù pe onílé, ó sì fi ìkánjú sọ fún un pé olè ti kó ilé ìdáná lọ, kí wọ́n tètè pe ọlọ́pàá. Onílé dákẹ́ díẹ̀, ó ní rárá, ẹni tí ó kó jáde ni ó kó ilé ìdáná rẹ̀ lọ. Ṣé kì í ṣe òun ni ó rà á ni?

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú yín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé onílé kò purọ́, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ẹnì kan kàn ń fi ilé hàn láìsọ pé kò ní ààrò, nítorí ní ojú tirẹ̀, èwo ni ti kí a máa sọ ọ́? Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀ ti ń fọ abọ́, pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀.

Ìbéèrè kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba

Ohun kejì kò ní pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́ ọ. Gbogbo wa mọ Anmeldung, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn bá kó dé ilé tuntun, ó gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ìwé ńlá kan tí ìjọba ń kọ ibùgbé gbogbo ènìyàn sí, nítorí náà ó ti ń kọ ọ̀rẹ́ mi lóminú kí ó tó débẹ̀. Àmọ́ obìnrin tí ó jókòó sí ọ́fíìsì náà bọ̀wọ̀ fún un, ó bi í ní orúkọ, ó bi í ní ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn náà ó bi í ní ẹ̀sìn. Inú ọ̀rẹ́ mi dùn. Ìjọ Luther ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ohio, ilẹ̀ Luther gan-an ni ó sì wà báyìí. Ó dáhùn pẹ̀lú ayọ̀.

Nígbà tí ó gba owó oṣù àkọ́kọ́, ó rí ìlà kan nínú ìwé owó rẹ̀ tí kò yé e. Kirchensteuer. Owó orí ìjọ ni. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, Baden-Württemberg, àti ní Bavaria, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí ènìyàn ń san ni, ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ìdá 9 ni. Ìjọba ni ó ń bá àwọn ìjọ gbà á lórí owó oṣù. Ẹ rántí pé ibi tí ọkùnrin yìí ti wá, láti ọdún 1791 ni òfin ilẹ̀ wọn ti sọ pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ fìdí ìjọ kankan múlẹ̀. Ó gun òkè wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gba ọrẹ kí ènìyàn tó jókòó sínú ìjọ.

Mo sọ fún un pé ó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, pé ọ́fíìsì ìjọba náà ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn yóò sì tún gba owó díẹ̀ fún ìyọkúrò náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò yọ orúkọ rẹ̀. Ó lọ wo ohun tí owó náà ń ṣe, ó rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ jẹ́ ti ìjọ náà. Ó ń san án títí di òní. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á dé orí ọjọ́ Àìkú. Nínú òfin ilẹ̀ Jámánì ti ọdún 1919 ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ọjọ́ Àìkú jẹ́ ọjọ́ ìsinmi tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin tuntun ní ọdún 1949, wọ́n gbé gbólóhùn náà wọ inú rẹ̀ bí ó ṣe wà, ó sì wà níbẹ̀ títí di àkókò yìí. Ṣọ́ọ̀bù tì. Ẹ̀rọ ìgékoríko kò gbọ́dọ̀ dún ní àdúgbò. Ìwọ̀nyí wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún àlejò pé kí ó ra oúnjẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta?

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ wọn, kò sí nǹkan kan nílé àfi bọ́tà. Ní Ohio, lẹ́yìn ìsìn ni àwọn èèyàn ń ya ọjà lọ. Ọ̀rẹ́ mi rìn káàkiri àdúgbò, gbogbo ilẹ̀kùn ni ó tì. Níkẹyìn ẹnì kan júwe ibùdókọ̀ ojú irin ńlá fún un, nítorí àwọn ṣọ́ọ̀bù inú ibẹ̀ ní àyè láti ṣí. Ó ní nígbà tí òun wọ ibẹ̀, òun rí ará Íńdíà, òun rí ará Bùràsílì, òun rí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà méjì tí wọ́n ń jiyàn lórí iye tí tòmátì jẹ́, gbogbo àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ni ó péjọ síbẹ̀. Ó ní ọjọ́ náà ni ọkàn òun kọ́kọ́ balẹ̀ ní Jámánì.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó fẹ́ gbé àwòrán ìyá rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ọjọ́ wo ni àyè wà? Ọjọ́ Àìkú. Ó mú ẹ̀rọ, ó lu ihò àkọ́kọ́. Kí ó tó lu èkejì, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ẹnì kan, gbogbo ilé ni. Ní ọjọ́ Àìkú mìíràn ó kó ìgò òfìfo lọ síbi tí a ń kó wọn sí, funfun lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀, pupa rúsúrúsú lọ́tọ̀. Ó ti kọ́ ìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ṣe é dáadáa. Ọkùnrin kan tí ó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró, ó sì bá a wí gidigidi níwájú gbogbo àdúgbò, nítorí ariwo ìgò.

Ẹ̀yin ará mi, ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí òun ni ìdí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin alájá yẹn ti bá èmi náà wí rí, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, níbi kan náà. Nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo gbé e wọ ilé, mo gbé e sùn, nítorí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni àwọ̀ ara mi. Ọ̀rẹ́ mi ará Ohio, òyìnbó ni, irun rẹ̀ pupa. Ohùn kan náà ni ọkùnrin náà fi bá a wí, ìka kan náà ni ó nà sí i. Mo dúró lójú fèrèsé, mo rí i, ohun kan sì sọ̀ kalẹ̀ láyà mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Mi ò sọ pé kò sí ìkórìíra ní ilẹ̀ yìí. Ó wà. Mo ti rí i, ẹ̀yin náà ti rí i, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n sì fi ń wo èmi àti ọ̀rẹ́ mi nígbà tí a bá jọ lọ wá ilé tàbí tí a bá jọ dúró níwájú ọlọ́pàá. Ẹni tí ó bá ní kò sí, irọ́ ni ó ń pa fún yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ́ ni a jù sí wa nítorí ẹni tí a jẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀, ìgò ni. Bí mo ṣe mọ ìyàtọ̀ yẹn, oorun mi padà. Ta ni ó sì fi ìyàtọ̀ náà hàn mí bí kò ṣe ará Amẹ́ríkà yìí?

Ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀

Mo ti ń bọ̀ níbi tí ó dùn jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àwọn ìlú mìíràn ní Jámánì lè má mọ èyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbé Stuttgart tí kò mọ Kehrwoche. Àṣà àwọn ará Swabia, agbègbè wa yìí, ni pé kí àwọn tí ń gbé inú ilé kan máa gba ìgbálẹ̀ àtẹ̀gùn ṣe láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé ìgbà ìjòyè kan tí wọ́n ń pè ní Eberhard onírùngbọ̀n, tí ó pàṣẹ ìmọ́tótó ìlú yìí ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìṣàkóso ìlú ti fagi lé òfin náà tipẹ́tipẹ́. Ǹjẹ́ ó kúrò nílẹ̀? Kò kúrò. Ó wà nínú ìwé àdéhùn ilé, ó sì wà lọ́kàn àwọn èèyàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: pátákó kékeré kan wà tí a kọ Kehrwoche sí lára. Ẹni tí ìgbálẹ̀ kàn lọ́sẹ̀ yìí, wọn yóò gbé e kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá ṣe tán, òun náà yóò gbé e kọ́ sí ti ẹnìkejì. Kò sí ìkíni, kò sí àlàyé.

Ọ̀rẹ́ mi ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ó bá pátákó onígi tí ó rẹwà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní ìlú tiwọn, aládùúgbò a máa gbé nǹkan wá kí àlejò káàbọ̀. Ó rò pé wọ́n ti wá kí òun. Ó mú un wọlé, ó fi hàn ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Èkejì kọjá. Pátákó kò jáde. Kò sí ẹni tí ó gbálẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó rí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa lójú lórí àtẹ̀gùn.

Ìyá àgbà àjà kejì ni ó gòkè lọ. Ó kanlẹ̀kùn, wọ́n ní kí ó wọlé, ó sì rí pátákó náà lára ògiri. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ìyá náà dúró, ó wò ó pẹ́, ètè rẹ̀ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé ilé náà, mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Láti àjà kẹrin ni mo ti gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó padà wá pẹ̀lú korobá àti ìgbálẹ̀ láti kọ́ ọkùnrin náà níṣẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń ṣe ògbufọ̀. Ó ká apá aṣọ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, igun ni ó kọ́kọ́ ń gbá kí ó tó gbá àárín, ó ń gba ohun tí ojú wa kò rí sínú ìkódọ̀tí. Lẹ́yìn náà ó ti àkísà bọ omi gbígbóná, ó lọ́ ọ pọ̀ títí ẹ̀kán omi ìkẹyìn fi kán, ó sì nu àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún, ó nu igi ìdìmú, ó nu etí fèrèsé. Ọ̀rẹ́ mi wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n bi ìyá pé ilẹ̀ tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀ yìí, kí ni wọ́n ń gbá lára rẹ̀? Mo bi í. Ìyá dá iṣẹ́ dúró. Ó ní bí a bá dúró di ìgbà tí ó bá dọ̀tí, gbogbo ilé yóò ti rí i.

Mo rántí ìyá mi nílé, bí ó ṣe ń jí wa gbálẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́, kí àlejò má bàa bá ìdọ̀tí lójúde. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìyá méjèèjì ì bá ti gbọ́ ara wọn yé láìsí ògbufọ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ pàǹtí kò le fún un mọ́, nítorí ó ti ní olùkọ́. Ìyá náà ni ó fi hàn án bí ike ṣe yàtọ̀ sí ìwé, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìyá náà ni ó bá a nídìí àpótí, tí ó ń ju ìgò ike nù, tí ó sì sọ fún un pé owó ni ó ń dà nù yẹn, Pfand, owó ìdógò tí a ń gbà padà bí a bá dá ìgò padà, sẹ́ńtì 25 lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ní Michigan tí ó múlé gbe Ohio, wọ́n ń san sẹ́ńtì 10 padà lórí irú ìgò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ohio kò sí. Àṣé òun ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ irú òfin yìí láti ìgbà èwe rẹ̀!

Ìkíni àti ọjọ́ ìbí

Ohun tí ó kàn ni ìkíni, ẹ sì mọ̀ pé Yorùbá kì í fi ìkíni ṣeré. Ará Amẹ́ríkà a máa bi ẹni tí ó bá pàdé pé báwo ni, kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Àwa náà ń bi ara wa pé ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, a ó sì ní dáadáa ni, kódà bí orí bá ń fọ́ wa. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ kan, ó bi ìyá àgbà pé báwo ni. Ìyá gbà pé ó bi òun tọkàntọkàn. Ó sọ ti orúnkún, ó sọ ti ìbàdí, ó sọ ohun tí dókítà wí àti ohun tí òun fi dá dókítà lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé kò dẹ́kun bíbéèrè? Ó kàn ń tètè jáde nílé ni. Ó ní nílé àwọn, ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè yìí láì mọ ohun kan nípa ẹnikẹ́ni.

Ti ọjọ́ ìbí ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti àkọ́kọ́, ìyá àgbà fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rẹ́ mi sì ní ìrìn àjò ní ọjọ́ náà, nítorí náà ó kí i kú oríire ní ọjọ́bọ̀. Ojú ìyá yí padà bíi pé ó ṣépè fún un. Àwọn ará Jámánì kì í kí ènìyàn ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n gbà pé ó ń fa aburú. Ní ti èkejì, ọjọ́ ìbí tirẹ̀ pé, ó lọ síbi iṣẹ́, ó ń retí kéèkì lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Agogo méjìlá lù, kò rí nǹkan. Agogo mẹ́ta lù. Ó dùn ún. Kò mọ̀ pé àwọn náà jókòó, wọ́n ń retí kéèkì lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí níhìn-ín ọlọ́jọ́ ìbí ni ó ń gbé e wá. Gbogbo wọn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìbínú àti ebi.

Owó orí láti òkè òkun

Èyí kì í ṣe ẹ̀rín tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ yára kọjá. Ọmọ Amẹ́ríkà kì í bọ́ lọ́wọ́ owó orí orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbikíbi tí ó bá ń gbé láyé. Lọ́dọọdún ni ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé nípa owó rẹ̀ sí ìjọba ibẹ̀. Eritrea ni orílẹ̀-èdè mìíràn tí a mọ̀ pé ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun lò lọ́nà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà sì ti ṣe òfin kan ní ọdún 2010 tí ó ní kí àwọn báńkì ilẹ̀ òkèèrè máa fi owó ọmọ Amẹ́ríkà tó wọn létí, ẹ̀rù ń ba báńkì láti gbà wọ́n. Báńkì kan wo ìwé ìrìnnà ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní kí ó má bínú. Ẹ gbọ́ o: ìwé ìrìnnà tí àwọn kan nínú wa ti gbààwẹ̀ lé lórí ni báńkì wò tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún un pé kí ó máa lọ.

Tòlótòló

Mo ti dé ibi tí ó ní kí n má gbàgbé. Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn, tòlótòló odindi ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ní Jámánì, Ọjọ́bọ̀ lásán ni. Ọ̀rẹ́ mi bẹ alápatà ní tòlótòló, alápatà sì mú èyí tí ó tóbi bí ọmọ ọdún méjì wá fún un. Nígbà náà ó ti ra ilé ìdáná tirẹ̀, ààfin rẹ̀ ni, ó ń fi í yangàn. Ó ṣí ààrò, ó ti tòlótòló, kò wọlé. Ó yí i, kò wọlé. Ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀kùn ààrò kò pa dé.

Ó gun òkè wá bá wa, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá. Ìyàwó mi mú ọ̀bẹ ńlá tí ó fi ń gé ẹran ọdún. Itan méjèèjì lọ sínú ààrò wa, pẹ̀lú ata tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀ rí ní Ohio. Àyà lọ sínú ààrò ìyá àgbà, tí ó fi bọ́tà àti ápù sí i. Apá àti ẹ̀yìn wà lọ́dọ̀ olóhun. Ní alẹ́, gbogbo ilé kó ẹran sọ̀ kalẹ̀, a kó ẹran gòkè, a pàdé ní pálọ̀ àjà kẹta, àwọn tọkọtaya ìsàlẹ̀ sì gbé wáìnì wá. Agogo mẹ́wàá kọjá, ariwo ń lọ, àwọn ọmọ ń sáré, kò sí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn, nítorí gbogbo ẹni tí ì bá kàn án ti wà nínú ilé, ó ń jẹ itan.

Bí ìyá àgbà ṣe ń jáde lọ ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ó wo àtẹ̀gùn tí ọbẹ̀ ti kán sí láti àjà kẹrin títí dé àjà kejì, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀sẹ̀ ta ni èyí. Ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni. Èmi àti òun ni a jọ gbá a ní ọjọ́ kejì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, igun ṣáájú àárín.

Alága, mo rí ọwọ́ yín, àkókò mi ti pé. Mo rí ọ̀dọ́bìnrin kan lẹ́yìn tí ó ti ń na ọwọ́ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó sì dà bí ẹni pé tirẹ̀ le ju ti ará Ohio lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.